Kí Kátápílà Tó Dé: Ohun tí Ìtàn Èkó Lè Kọ́ Wa ní Ìkàrẹ́, Ọ̀kà àti Sosan

 

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé àwòrán ilé sórí WhatsApp lóde òní, ọ̀rọ̀ méjì la sábà máa ń sọ. Èkínní ni pé "ìlú ti ń gbèrú." Èkejì ni pé "ilẹ̀ ti wọ́n o." Òótọ́ ni méjèèjì. Ìkàrẹ́ ti tẹ́ rẹrẹ, Ọ̀kà ti na apá, Àkùngbá ti kún fún akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ìlú kéékèèké tó wà láàárín wọn náà ò sùn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í bi ara wa: bí ìlú bá ń dàgbà, ta ló ń bá a dàgbà, ta sì ni wọ́n ń tì sẹ́yìn? Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ lẹ́bàá títì, ọmọ iṣẹ́ tó ń gbé yàrá kan pẹ̀lú ẹni mẹ́rin, ọlọ́kadà, àlejò tó wá bá wa ro oko, ṣé ibì kan wà fún wọn nínú pláànù tí a ń ṣe?

Kì í ṣe tuntun ni ìbéèrè yìí. Èkó ti ń bi ara rẹ̀ ní irú rẹ̀ fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé kátápílà ló fi dáhùn. Ìtàn yẹn ni mo fẹ́ kí a jọ kà lónìí. Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ Èkó ò kàn wá. Ọmọ Àkókó wà níbẹ̀, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ ní Èkó lánàá lè ṣẹlẹ̀ ní Ìkàrẹ́ lọ́la.

ORÍ ÒKÈ LA TI SỌ̀ KALẸ̀

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé, torí ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá wa ní Àkókó kì í ṣe ará pẹ̀tẹ́lẹ̀. Láàárín ọdún 1800 sí 1900, ogun Tápà ń bọ̀ lemọ́lemọ́, wọ́n ń kó èèyàn lẹ́rú, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Ogun Ìbàdàn náà dé apá ibí. Orí òkè àti inú ihò àpáta ni ààbò wà. Ẹ wo bí àpáta ṣe yí Ìkàrẹ́ ká, ẹ wo Ọ̀kà tó jókòó sórí òkè títí dòní, ẹ ó rí i pé àwọn tó tẹ ìlú wọ̀nyí dó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Bídà ní ọdún 1897, ogun Tápà rọlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ làwọn èèyàn ń sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ń wá ilẹ̀ tó tẹ́jú, oko tó súnmọ́ ilé, omi tí kò la òkè. Nígbà tó yá, títì mọ́tò dé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sáláṣí àti ilé ìwé dé, ọjà tẹ̀ lé wọn. Bí ọ̀pọ̀ ìlú wa ṣe wá síbi tó wà lónìí nìyẹn.

Kí ni mo fẹ́ kí ẹ fà yọ níbẹ̀? Òun ni pé ẹni tó ń sá àsálà làwa náà nígbà kan. Ẹni tó ń wá ibi tí yóò fi orí pamọ́ sí ni wá. Àkókó kún fún oríṣiríṣi èdè, débi pé ìlú méjì tó fara kanra lè má gbọ́ èdè ara wọn bí kò ṣe Yorùbá gbogbogbòò. Ibi tí èèyàn púpọ̀ ti wá pàdé ni ilẹ̀ yìí. Ẹni tí baba rẹ̀ ti jẹ́ àlejò rí kò yẹ kó gbàgbé bí ara àlejò ṣe máa ń rí.

ÀRÙN EKU ÀTI ỌDÚN 1928

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ ọkọ̀ Èkó. Ní ọdún 1924, àrùn burúkú kan tí eku àti yọ̀rọ̀ ara eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì pa èèyàn. Ìsàlẹ̀ Èkó ló ti gbilẹ̀ jù, níbi tí ilé ti fara tira, tí gọ́tà ò sì ṣàn dáadáa. Ìjọba amúnisìn rò ó, wọ́n ní ilé tó fún pọ̀ ló fà á. Ní ọdún 1928 wọ́n ṣòfin, wọ́n sì dá àjọ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Lagos Executive Development Board, LEDB. Iṣẹ́ àjọ yìí ni láti wó ilé tí kò dára, kí wọ́n la ọ̀nà, kí wọ́n sì pín ilẹ̀ tuntun. Yábàá wà lára ibi tí wọ́n kọ́kọ́ ṣètò.

A ò lè sọ pé gbogbo rẹ̀ ló burú. Gọ́tà dára, omi ẹ̀rọ dára, títì tí ọkọ̀ iná lè gbà dára. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ni èrò kan ti wọ inú ìjọba tí kò tíì jáde dòní: pé bí àdúgbò àwọn tálákà bá dọ̀tí, àwọn tálákà fúnra wọn ni ìdọ̀tí náà. Àìsí gọ́tà ló mú àdúgbò ṣàìsàn, àwọn ará àdúgbò ni wọ́n ń lé. Ó dà bí ẹni tí orí ń fọ́, tí wọ́n ní kí wọ́n gé orí náà.

ỌDÚN 1955: WỌ́N FẸ́ ṢE ÌSÀLẸ̀ ÈKÓ LẸ́WÀ FÚN ÒMÌNIRA

Nígbà tí òmìnira ń súnmọ́lé, àwọn aṣáájú wa fúnra wọn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tijú Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n ní olú-ìlú orílẹ̀-èdè tuntun kò yẹ kó rí báyìí lójú àlejò. Ní ọdún 1955, LEDB bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ará àárín Èkó kúrò lórí ilẹ̀ bí 70 éékà, kí wọ́n lè wó o, kí wọ́n sì tún un kọ́. Wọ́n kọ́ ilé síbi tí a wá mọ̀ sí Sùúrùlérè, wọ́n ní kí àwọn èèyàn lọ máa gbé ibẹ̀. "Èkó Tuntun" ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn.

Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan wà tó ń jẹ́ Peter Marris. Ó wá sí Èkó, ó ń ti ojúlé dé ojúlé, ó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n kó àti àwọn tí wọn ò tíì kó bí nǹkan ṣe rí fún wọn. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ jáde ní ọdún 1961. Ohun tó rí yẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ ìlú mọ̀ sórí.

Ilé tuntun náà mọ́, òótọ́ ni. Ó ní gọ́tà, ó ní àyè. Ṣùgbọ́n ìyá oníṣòwò tó ń ta ọjà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ mọ̀ ọ́n, kò rí ẹni tí yóò tà á fún ní Sùúrùlérè. Ọjà ti jìnnà sí i, owó ọkọ̀ sì ń jẹ èrè. Oníṣẹ́ ọwọ́ tí ń rí iṣẹ́ lójoojúmọ́ wá ń jókòó lásán. Owó ilé ń bọ̀ lóṣooṣù láìsí ìdúró. Ẹbí tó ti ń gbé agbo ilé kan náà, tí ìyá àgbà ń bá wọn wo ọmọ, tí ẹ̀gbọ́n ń ràn àbúrò lọ́wọ́, tú ká. Àgbàlagbà tí kì í sanwó ilé rí nínú ilé baba rẹ̀ di ayálégbé lọ́jọ́ alẹ́. Owó gbà-má-bínú tí wọ́n san fún ilé ẹbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn pín, ìwọ̀nba tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ò sì tó kọ́ ilé. Àwọn kan tiẹ̀ padà sí Èkó láti lọ há mọ́ yàrá àwọn ẹbí wọn.

Ṣé ẹ rí i? Ilé nìkan kọ́ ni ilé. Oníbàárà wà nínú rẹ̀, ẹbí wà nínú rẹ̀, ìrìn ẹsẹ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún sí ọjà wà nínú rẹ̀. Bí a bá fún tálákà ní ilé tó dára, tí a wá gba oúnjẹ ẹnu rẹ̀, kí la ṣe fún un?

MÀRÒKÓ: ỌJỌ́ MÉJE PÉRÉ

Ẹ̀yin tó ti lé ní ogójì ọdún, ẹ ó rántí orúkọ yìí. Màròkó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Victoria Island, láàárín omi òkun àti ọ̀sà. Àwọn òṣìṣẹ́, awakọ̀, apẹja, ọlọ́dẹ, alágbàfọ̀, tíṣà àti oníṣòwò ló kún ibẹ̀. Ẹni tó ń se oúnjẹ fún olówó Ìkòyí, Màròkó ló ń sùn. Wọ́n ti kọ́ ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sáláṣí àti ilé ìwé síbẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje ọdún 1990, gọ́mìnà ológun Èkó nígbà náà, Raji Rasaki, kéde pé kí gbogbo wọn kó jáde láàárín ọjọ́ 7. Ìdí tí ìjọba sọ ni pé ilẹ̀ ìjọba ni, pé ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, òkun lè bò ó, àti pé àdúgbò náà dọ̀tí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje, kátápílà wọlé pẹ̀lú sójà àti ọlọ́pàá. Nǹkan bí 300,000 èèyàn ni wọ́n lé kúrò. Ẹ rò ó wò ná: àròpọ̀ ọ̀pọ̀ ìlú Àkókó ló di aláìnílé láàárín ọjọ́ díẹ̀, nínú òjò oṣù Keje.

Ìwọ̀nba díẹ̀ lára àwọn onílé ni wọ́n kó lọ sí ilé ìjọba ní Ìlàsán, Ìkọ̀tá àti apá Ẹ̀pẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú ilé náà ni wọn ò tíì kọ́ parí, ìlẹ̀kùn àti fèrèsé ò sí nínú òmíràn. Ti ayálégbé ńkọ́? Ayálégbé ò rí nǹkan kan gbà. Bẹ́ẹ̀, àwọn ló pọ̀ jù.

Wàyí o, ilẹ̀ tí wọ́n ní òkun máa bò, tí wọ́n ní kò dára fún èèyàn gbé, kí ló wà lórí rẹ̀ lónìí? Wọ́n da iyanrìn sí i, wọ́n gbé e ga, wọ́n sì kọ́ àwọn ilé olówó ńlá sórí rẹ̀. Ìṣòro omi náà ní àtúnṣe nígbà náà, àwọn tí wọ́n máa ṣe àtúnṣe náà fún ló yàtọ̀. Ìyẹn ló ń dun àwọn ará Màròkó jù títí dòní.

BÁDÍYÀ ÀTI ÒTÓDÒ-GBÀMẸ̀

Bí ẹ bá rò pé ológun ló fà á, ẹ jẹ́ ká tẹ̀síwájú. Ní ọdún 1973, ìjọba àpapọ̀ kó àwọn ará abúlé Olúwolé kúrò níbi tí wọ́n fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn eré ńlá National Theatre sí ní Ìgànmú. Àwọn kan lára wọn ni wọ́n fún ní ilẹ̀ ní Bádíyà, wọ́n ní ibẹ̀ ni kí wọ́n máa gbé. Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 2013, ìjọba Èkó tún wó apá kan Bádíyà, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ ilé tuntun. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sùn síta. Ohun tó tún wá yani lẹ́nu ni pé Bádíyà wà lára àdúgbò mẹ́sàn-án tí Èkó gba ẹ̀yáwó lọ́wọ́ Báǹkì Àgbáyé láti tún ṣe. Àdúgbò tí a yáwó láti tún ṣe la tún wó! Lẹ́yìn tí ariwo pọ̀ ni wọ́n tó san owó ìrànwọ́ díẹ̀ fún àwọn tó fara gbá a.

Òtódò-Gbàmẹ̀ ńkọ́? Àwọn Ègùn apẹja ló ń gbé ibẹ̀, létí ọ̀sà lọ́nà Lẹ́kí. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2016 di oṣù Kẹrin ọdún 2017, wọ́n wó ibẹ̀ léraléra. Bí 30,000 èèyàn ló pàdánù ilé. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ò dákẹ́. Wọ́n kó ara wọn jọ pẹ̀lú àwọn àdúgbò létídò míràn, wọ́n sì lọ sí kọ́ọ̀tù. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 2017, Adájọ́ Adéníyì Onígbanjo ti ilé ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ pé lílé èèyàn kúrò nílé láìpèsè ibi tí wọ́n máa lọ jẹ́ ìwà ìkà tó tàbùkù èèyàn, ó sì lòdì sí òfin ilẹ̀ wa. Ó ní kí ìjọba bá wọn jókòó sọ̀rọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìdájọ́ yẹn sọ́kàn. Tálákà ní ẹ̀tọ́ tí òfin mọ̀. Kì í ṣe àánú lásán ni wọ́n ń ṣe é.

ÀWỌN TÓ ṢE É RE

Ọ̀rọ̀ ò ní dùn bó bá jẹ́ ẹ̀sùn nìkan. Àwọn kan ṣe é, ó sì dára.

Lateef Jákàńdè jẹ́ gọ́mìnà Èkó láti oṣù Kẹwàá ọdún 1979 di ìparí ọdún 1983. Láàárín ọdún mẹ́rin péré, ó kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé olówó pọ́ọ́kú sí Ìsọlọ̀, Abẹ́sàn, Amúwó àti ibòmíràn. Wọn ò rẹwà, kò sí mábù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kíláàkì àti tíṣà rí ilé gbé, wọ́n sì di onílé. Títí dòní, "Jákàńdè" ni àwọn èèyàn ń pe ilé náà.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2008, Èkó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀sì BRT láti Máìlì 12 dé CMS. Wọ́n gé ìlà kan sọ́tọ̀ nínú títì fún bọ́ọ̀sì. Ìyẹn ni pé ẹni tí kò ní mọ́tò náà gba apá tirẹ̀ nínú títì. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́. Ìlú tó bá ṣe títì fún mọ́tò nìkan, tí kò ronú ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn àti ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì, àwọn díẹ̀ ló ṣe é fún.

Ẹ jẹ́ ká jáde díẹ̀ sí òkè òkun. Ní ìlú Karachi ní Pakistan, àdúgbò ńlá kan wà tó ń jẹ́ Orangi. Tálákà ló kún ibẹ̀, omi ìdọ̀tí ń ṣàn lójúde. Wọ́n ti dúró de ìjọba títí, ìjọba ò dé. Ní ọdún 1980, bàbá kan tó ń jẹ́ Akhtar Hameed Khan dé ibẹ̀. Kò gbé owó lọ fún wọn. Ó ní kí ogún tàbí ọgbọ̀n ilé tó wà lójúde kan náà jókòó, kí wọ́n yan ẹni tí wọ́n fọkàn tán, kí wọ́n dáwó, kí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn ri páìpù ìdọ̀tí mọ́lẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ya pláànù fún wọn, wọ́n sì kọ́ wọn bí síméǹtì ṣe ń pò. Owó tí wọ́n ná kéré gan-an sí iye tí kọngílá ìjọba ì bá gbà. Láti ojúde kan dé èkejì, ó tàn ká gbogbo Orangi. Ojúṣe ìjọba ni kó ṣe kòtò ńlá tí gbogbo páìpù kéékèèké ń já sí.

Ẹ̀yin ọmọ Sosan, ṣé kì í ṣe ohun tí àwa náà mọ̀ láti ilẹ̀ nìyẹn? Ọ̀wẹ̀ ni. Èèsú ni. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àwọn Pakistan ò mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Àwa la gbàgbé.

ILÉ WA ŃKỌ́?

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà wálé. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, ọkọ̀ àjàgbé kan tó kó síméǹtì pàdánù ìjánu lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní Àkùngbá, ó sì já wọ inú àwọn ìsọ̀ tó wà níwájú ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Akẹ́kọ̀ọ́ kú, oníṣòwò kú. Gbogbo Àkókó sunkún lọ́jọ́ náà. Kí Ọlọ́run máà jẹ́ ká tún rí irú rẹ̀.

Lẹ́yìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu wa ni pé "kí wọ́n lé gbogbo àwọn tó ń tajà lẹ́bàá títì." Mo gbọ́ ọ, mo sì mọ̀ pé ẹ̀mí ló ń dùn wá. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Peter Marris àti àwọn ìyá oníṣòwò ìgbà 1955. Kí ló gbé oníṣòwò dé ẹ̀bá títì? Ẹsẹ̀ èèyàn ni. Ibi tí ẹsẹ̀ bá pọ̀ sí lọjà ń tà. Bí a bá lé e lónìí láìfún un ní ibòmíràn tí ẹsẹ̀ èèyàn ń dé, á padà lọ́la, torí ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹun. Ohun tó lè gbà á là ni ọjà tó wọnú díẹ̀ sí títì, tó súnmọ́ ibi tí ọkọ̀ ń já èrò sí, tí owó ìsọ̀ rẹ̀ ò wọ́n. Ohun kejì ni kí a rí nǹkan ṣe sí eré àwọn ọkọ̀ àjàgbé lórí àwọn òkè wa, torí kì í ṣe oníṣòwò ló wakọ̀ lọ bá mọ́tò.

Ọ̀rọ̀ omi náà nìyí. Ìlú olókè ni wá. Bí òjò bá rọ̀ sórí àpáta, àpáta ò ní mu ún, ó máa sáré wá sísàlẹ̀ ni. Ìbàdàn náà jẹ́ ìlú olókè. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò wákàtí díẹ̀ kún odò ibẹ̀, ó gbé afárá, ó sì pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ilé ti wà lójú omi, ìdọ̀tí sì ti dí odò. Ẹni tó kọ́lé sójú omi jẹ̀bi, àbí? Ṣùgbọ́n ta ló ta ilẹ̀ náà fún un? Àwa ẹbí onílẹ̀ ni. Olówó ra ibi gíga, èyí tó kù létí odò la tà fún ẹni tí owó rẹ̀ ò tó. Nígbà tí omi bá dé, a ó wá bú u pé aláìgbọràn ni.

Ìdí rèé tí mo fi ń bẹ ẹgbẹ́ wa pé kí a gbé nǹkan mẹ́rin yẹ̀ wò ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Èkínní, kí a mọ ibi tí omi ń gbà. Àwọn àgbà wa mọ gbogbo ojú omi àti ìsun tó wà nílẹ̀ yìí. Kí a jókòó tì wọ́n kí wọ́n tó lọ, kí a ya àwòrán rẹ̀, kí àwọn ẹbí onílẹ̀ sì fẹnu kò pé a ò ní ta ibẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe olówó tàbí tálákà. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gọ́mìnà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ẹni tó ń ta ilẹ̀ nílé.

Èkejì, kí a ka ara wa. Ní Èkó, àwọn àdúgbò tálákà ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí ń ka ilé ara wọn: èèyàn mélòó ló wà níbí, omi mélòó, ṣáláńgá mélòó. Wọ́n mọ̀ pé àdúgbò tí kò sí nínú ìwé ìjọba ló rọrùn jù láti wó. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ní fóònù lè ṣe èyí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí a bá mọ iye ilé tí kò ní ṣáláńgá, a mọ ibi tí owó ẹgbẹ́ yóò kọ́kọ́ lọ.

Ẹ̀kẹta, kí ayálégbé àti àlejò ní ẹnu nínú ìpàdé. Ní Màròkó, onílé díẹ̀ rí nǹkan gbà, ayálégbé ò rí nǹkan kan. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn tó wá bá wa ro oko, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń yá yàrá, gbogbo wọn ń ná owó níbí, wọ́n sì ń bá wa tọ́jú ìlú. Bí a bá fẹ́ la títì tàbí kí a gbé ọjà kúrò, ẹ jẹ́ ká pè wọ́n kó tó ṣẹlẹ̀, kó má jẹ́ pé ọjọ́ tí a ó wó o ni wọ́n máa gbọ́.

Ẹ̀kẹrin, kí owó tí a ń dá lọ sí ohun tí gbogbo èèyàn ń lò. Mo mọ̀ pé gbọ̀ngàn ńlá máa ń dùn ún fi yàwòrán. Ṣùgbọ́n gọ́tà tí ojúde kan dáwó ṣe, tí ẹgbẹ́ sì fi síméǹtì tì wọ́n lẹ́yìn bíi ti Orangi, yóò gba ilé ogún là lọ́wọ́ omi.

KÍ N TÓ FẸNU DÁKẸ́

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé èèyàn tó lé ní bílíọ̀nù kan ló ń gbé ní àdúgbò tí kò ní omi, ilé tàbí ààbò tó péye. Ní ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fẹnu kò pé kí ìlú gba gbogbo èèyàn mọ́ra kó tó di 2030. Ọ̀rọ̀ tó dára ni. Ṣùgbọ́n New York kọ́ ni wọ́n ti máa bá wa la gọ́tà Sosan.

Àǹfààní kan wà lọ́wọ́ wa tí Èkó ò ní mọ́. Ìlú wa ṣì kéré. Ilẹ̀ ṣì wà. A ṣì mọ ara wa, a mọ ilé tí oníkálukú ti jáde. Ohun tó ná Èkó ní ẹkún àti ẹjọ́, ìpàdé ọjọ́ Sátidé kan lè yanjú rẹ̀ fún wa bí a bá tètè ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ajégúnlẹ̀, Mushin, Bàrígà tàbí Agége, tí ẹ̀rù kátápílà ti bà rí, ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí jù. Ẹ má jẹ́ ká wálé wá ṣe fún ẹlòmíràn ohun tí a ò fẹ́ kí wọ́n ṣe fún wa. Àwọn baba wa sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, wọ́n rí ibi gbé. Kí ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ wa lónìí náà rí ibi gbé.

Ẹni tó bá ní èrò tó yàtọ̀, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí orí gúrúùpù, ká jọ fà á tu. Ìlú wa á gbèrú, kò ní fọ́ mọ́ wa lórí. Àṣẹ.